Laptop Jí, Íntánẹ́ẹ̀tì Orí Wáyà Kò Jí

Ẹ káàbọ̀ o. Hub la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àpótí kékeré tí a máa ń kì bọ ihò USB-C lára laptop, tí a ó wá ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ òun náà lára. Ẹ pa laptop dé, ẹ lọ jẹun. Nígbà tí ẹ padà ṣí i, gbogbo iṣẹ́ yín wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ẹ yọ hub, ẹ tún kì í, ó dé. Ní ọjọ́ kejì, nǹkan kan náà.

Kí ẹ tó pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò wáyà yìí. Iná kékeré máa ń wà lára ọ̀pọ̀ hub. Tí iná náà bá kú pátápátá lẹ́yìn tí laptop ti jí, hub ni kò tíì jí. Tó bá ń tàn, tí ojúewé kankan kò sì ṣí, ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kí ẹ tẹ ipconfig. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà ló fún ara rẹ̀, nítorí ó béèrè àdírẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ router, kò gbọ́ èsì. Ẹ tẹ ipconfig /renew, kó tún béèrè.

Hub tí kò jí ló wọ́pọ̀ jù. Windows fẹ́ kí bátìrì pẹ́, ló ṣe máa ń pa ohun orí USB tí kò ṣiṣẹ́. Chip nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú hub, tí í ṣe Realtek RTL8153 nínú ọ̀pọ̀ wọn, a sì máa kọ̀ láti dìde nígbà mìíràn. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ Start, ẹ yan Device Manager, kí ẹ ṣí Network adapters. Ẹ wá Realtek USB GbE Family Controller, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú “Allow the computer to turn off this device to save power”. Lórí àwọn laptop tuntun kan, ẹ lè má rí Power Management rárá. Ẹ lọ sí Advanced nígbà náà, kí ẹ sọ Energy-Efficient Ethernet àti Green Ethernet di Disabled.

Ẹ̀yin tó ń lo Linux, usbcore.autosuspend=-1 ni kí ẹ fi kún ìlà tí kernel, ọkàn Linux, fi ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kàn yìí, mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, torí ó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú láìmọ ibi tó ti wá. Laptop sùn, àmọ́ hub ṣì ń gba iná lára ṣájà, chip inú rẹ̀ kò sùn. Dátà ń wọlé, kò sí ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ kún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí switch, àpótí tí àwọn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ti ń pàdé, léraléra pé “dúró ná, dúró ná”. Pause frame nìyẹn, ìlànà 802.3x ló fàyè gbà á. Switch tí kò lágbára á dúró lóòótọ́, bí ìgbà tí alárù gbé ẹrù dúró sẹ́nu ọ̀nà tóóró, tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá mọ́. Wi-Fi á kú, tẹlifíṣọ̀n á dákẹ́, fóònù gbogbo ilé á máa yí lásán.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín bá ń kú ní gbàrà tí laptop bá sùn, ẹ fa wáyà yọ lára hub. Bí gbogbo rẹ̀ bá padà lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú un. Ẹ padà sí Advanced, kí ẹ sọ Flow Control, tó ń fàyè gba “dúró ná” yẹn, di Disabled. Tí switch yín bá gbà á, ẹ pa á níbẹ̀ náà. Ẹ sì gba driver tuntun, ètò tí Windows fi ń bá chip náà sọ̀rọ̀, lórí ìkànnì Realtek fúnra rẹ̀.

Ẹ má yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Tí kò bá sì yí padà síbẹ̀, ẹ yá hub tó ní chip mìíràn lọ́wọ́ ẹlòmíì, kí ẹ fi wáyà kan náà dán an wò. Bí tiyẹn bá jí tí tiyín kò jí, ẹ lọ ra òmíràn.