Ọmọ béèrè nípa igi, ẹ ní ṣàítánì ló ń bá a sọ̀rọ̀

Àsàlámù àlékúmù. Ọpẹ́ f'Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ ni mo ṣe ń kánjú.

Níbi tafsírì kan, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ Àlùkùránì, l'ọ́sẹ̀ yìí, wọ́n ń sọ ìtàn Ànábì Nuhu, ọmọ kan nawọ́ ó ní àáfà, wọ́n kó ẹranko sínú ọkọ̀, igi àti ewéko ńkọ́, ta ló gbà wọ́n là? Haa! Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi bàtà lé e jáde, wọ́n ní ṣàítánì ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ mọ Nuhu ṣá? 950 ọdún ló fi wà láàárín ìjọ ẹ̀, ó pè wọ́n lóru, ó pè wọ́n lọ́sàn-án, ó sọ ọ́ ní gbangba, ó tún yọ́ ọ sọ fún wọn ní kọ̀rọ̀, wọ́n ki ìka bọ etí, wọ́n faṣọ borí, síbẹ̀ ó ṣì ń bẹ̀ wọ́n, bàbá onísùúrù, ó ní ẹ tọrọ àforíjìn, Olúwa yín á rọ òjò fún yín, á fún yín l'ọ́gbà, á fún yín l'ódò. Ó tiẹ̀ ní Ọlọ́hun ló hù yín jáde látinú ilẹ̀ bí ewéko. Ewéko ló fi ń wàásù o! Ẹ̀yin àáfà wá ń lé ọmọ tó béèrè ewéko. Ta ló ń ki ìka bọ etí báyìí?

Ìdáhùn kúkú wà. Àlùkùránì ò sọ pé ìkún omi ìgbà Nuhu yẹn bo gbogbo ayé, àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó bò ó, Ọlọ́hun ló ń la kóró irúgbìn àti kóró dàbínù, Súrà An'ám 95. Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ́ ẹ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ yẹn, rẹ oríṣi irúgbìn 87 sínú omi iyọ̀ fún ọjọ́ 28, 64 ló ṣì hù. Kóró dàbínù tí wọ́n wú nílẹ̀ ní Masada, nítòsí Òkun Òkú, ti lo bíi 2000 ọdún, wọ́n gbìn ín ní 2005, ó hù! Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ewéko ló lè fara da omi iyọ̀ pẹ́ títí o, ẹ má lọ purọ́ fọ́mọ pé sáyẹ́ǹsì ti parí ẹ̀.

Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ó ní má tẹ̀lé ohun tí o ò nímọ̀ nípa ẹ̀, etí, ojú, ọkàn, gbogbo wọn ló máa jẹ́jọ́. Tọ́mọ yẹn ò bá wọ mọ́sáláṣí mọ́, ọrùn yín lẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ wà. "N ò mọ̀, jẹ́ n lọ yẹ̀ ẹ́ wò", ṣé ìyẹn á já láwàní lórí yín ni?

Ọlọ́hun ṣàánú wa. Ẹ kú Jímọ̀.