Ọ̀rọ̀ ni mò ń tà, mi ò ta tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi, níbi yòówù kẹ́ ẹ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ̀ ń ti ibiṣẹ́ bọ̀ ní Manchester, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọ abọ́ lọ́wọ́ ní Toronto, àtẹ̀yin ará ilé. Ìlọrin ni mo wà báyìí, ní Tánkẹ̀, nílé ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ẹ fara dà á. Wọ́n ti múná lọ láti àárọ̀.

Ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí, báwo lèèyàn ṣe ń di kóòṣì ìrìnàjò, ṣé owó sì wà níbẹ̀?" Màá dáhùn, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ rò kọ́ ni màá gbà dé ibẹ̀. Tí mo bá wẹ̀yìn wò, àwọn ohun tí mo kọ̀ tí mi ò ṣe ló jẹ́ káwọn èèyàn gbà pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́.

Mi ò ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò báàyàn gba físà. Mi ò gbowó òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò tẹ́rù ń bà, tàbí tí kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ti lọ rí tí gbogbo ẹ̀ dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, òun lèmi àtiẹ̀ jọ ń jókòó. A ó sọ̀rọ̀, a ó ṣírò owó, a ó to ọjọ́, a ó yẹ ìwé wò, títí yóò fi lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ kó sì bọ̀. Ó tán.

Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ òyìnbó tó rí jẹ tó rí mu? Bó bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu á yà mí. Lọ́dọọdún káwọn èèyàn tó lọ Mẹ́kà, ta ló ń kọ́ wọn? Ọdún tí màmá àgbà mi ń lọ, èmi ni mò ń sìn wọ́n lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nínú àgbàlá mọ́sálásí kan lápá Pákátà. Àáfà tó ń kọ́ wọn ò lè ju ọjọ́ orí mi lọ. Ó to àga oníke sí ìlà méjì, ó fàyè sílẹ̀ láàárín, ó ní ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn. Ó ní kí àwọn màmá jókòó, kí kálukú tú ìborùn ẹ̀, kó fi de ara ẹ̀ mọ́ àga bíi bẹ́líìtì, kó wá tú u láìwo ọwọ́. Màmá kan tú tiẹ̀ títí, kò tú. Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Àáfà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ẹ máa ṣe é lọ, ọkọ̀ ò tíì gbéra." Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ inú ọkọ̀, tórí ó ní ọ̀pọ̀ màmá ló máa ń dá omi mu dúró láti Ìlọrin títí dé Jẹ́dà nítorí ìyẹn nìkan. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sọnù ní Mínà, níbi tí àgọ́ funfun ti lọ súà tí gbogbo ẹ̀ jọra, kó má rìn síwá sẹ́yìn. Kó dúró lójú kan, kó na ọwọ́ tí wọ́n de káàdì mọ́ sókè.

Àáfà yẹn ò ta tíkẹ́ẹ̀tì fún màmá mi, òun kọ́ ló gba físà wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ń pè nínú àdúrà. Mi ò rántí pé mo gbọ́ orúkọ ajẹ́ńtì kankan.

Ó dáa, ká wá sórí ohun tí mo ń kọ̀. Èyí tó máa ń bí ará ilé nínú jù ni ti físà. Wọ́n á pè mí: "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba, ẹ sáà bá wa kọ fọ́ọ̀mù náà." Ẹ gbọ́ o. Nílùú Ọba, òfin kan wà láti 1999 tó ní ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó o kò gbọdọ̀ fi ìmọ̀ràn lórí físà àti ìwé ìgbélùú ilẹ̀ náà ṣiṣẹ́ ṣe, ì báà gbowó, ì báà má gbà. OISC ni wọ́n ń pe àjọ náà tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kìíní 2025, Immigration Advice Authority lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí ẹ̀ gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ ni. Nítorí náà, bí oníbàárà mi kan ní Leeds bá ní òun fẹ́ kí ìyá òun wá kí òun láti Ìlọrin, tó sì ń bi mí pé kí ni kóun kọ síbi báyìí báyìí, màá ní kó lọ bá lọ́yà tàbí ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti gba físà tán, tí wọn ò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, iṣẹ́ mi dé nìyẹn.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì náà ń kọ́? Òfin tún wà níbẹ̀ láti 2018: ẹni tó bá so ọkọ̀ òfuurufú àti òtẹ́ẹ̀lì pọ̀, tó tà á ní iye kan, ti di ẹni tó ṣètò ìrìnàjò náà, òun ló sì gbọ́dọ̀ dáàbò bo owó àwọn tó sanwó. Èmi ò ní irú owó ìdúró bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ inú mi, òfin kọ́ ló dá mi dúró jù. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ti wá bá mi pé kí n máa darí oníbàárà sọ́dọ̀ àwọn, àwọn á máa fún mi ní nǹkan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní rárá. Ẹni tó bá ń jẹ nídìí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnu ẹ̀ á wúwo lọ́jọ́ tó bá yẹ kó sọ fún èèyàn pé, "Má lọ lọ́dún yìí." Èmi sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyàwó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ọkọ jẹ́ ọmọ ìlú wa, Òmù-Àrán. Ìlú Ọba ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ, wọn ò délé rí. Oṣù Kejìlá ni wọ́n fẹ́ lọ. Ọkọ ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ère òkúta Èsìẹ́, ìtàkìtì omi Òwu, òkè Sóbì, ọjà aṣọ òkè n'Ílọrin, ilé bàbá, ilé àna, gbogbo ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo jẹ́ kó kà á tán. Mo wá bi ìyàwó pé, "Nígbà táwọn ọmọ bá padà sílé ìwé, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa ròyìn?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n mọ màmá mi."

Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, ìwé ọkọ di ìwé àná. A fi ọjọ́ tó pọ̀ jù sí Ọ̀fà. A ní káwọn ọmọ máa bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀, kí wọ́n mọ oúnjẹ kan tí wọ́n á lè tọrọ lẹ́nu ara wọn. Ìwé àwọn ọmọ náà gba àkókò, tórí àwọn òbí ò mọ̀ pé ọmọ tó ní ìwé ìrìnnà ìlú Ọba nìkan gbọ́dọ̀ gba físà Nàìjíríà, àfi tó bá ní ìwé ìrìnnà tiwa. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ìyẹn yellow fever, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un ni káàdì ẹ̀ tó máa ń múlẹ̀, a ò lè sún un di ọ̀sẹ̀ ìrìnàjò. Ti oògùn ibà, mo ní kí wọ́n lọ rí dókítà, tórí irú èyí tí wọ́n bá fún wọn ló máa sọ ọjọ́ tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa lò ó lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá padà.

Owó ńkọ́? Ibi táwọn tọkọtaya ti ń jà nìyẹn. Wọ́n á ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ṣírò báàgì, wọ́n á gbàgbé owó ìkíni. Ẹni tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀, tí kò ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn tó máa wá kí i káàbọ̀, á jẹ gbèsè kó tó padà. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ orúkọ: ẹni báyìí, iye báyìí. Tó bá ti wà lákọsílẹ̀, ọkọ ò ní bínú sí ẹbí ìyàwó lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú.

Ọ̀nà, a ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó sí Ìlọrin, kí wọ́n wá fi ojúmọmọ gba ti Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà ti pín sí Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Mo fi Èsìẹ́ sílẹ̀ fún wọn, ọjọ́ kan gbáko. Ó ju ẹgbẹ̀rún ère òkúta lọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ jókòó, wọ́n dirun, wọ́n kọlà, ọ̀pọ̀ ni orí ẹ̀ ti kán. Ọdún 1945 ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sílẹ̀, kò sì sí irú ẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà ṣáájú ìgbà náà. Ọmọdé tó bá débẹ̀ á bèèrè ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó bèèrè. Ẹ má sáré gbé e lọ síbòmíì.

Òwu ni mo yọ kúrò. Ọkọ fẹ́ ẹ gan-an. Lákọ̀ọ́kọ́, omi náà kì í pọ̀ nígbà ọyẹ́, òjò ló ń fún un lágbára. Èkejì ló ká mi lára. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ni ibẹ̀ wà, gbogbo wa la sì mọ ohun tójú àwọn èèyàn wa rí lápá Gúúsù Kwara lọ́dún 2025. Oṣù Kọkànlá yẹn làwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkù nígbà tí wọ́n ń jọ́sìn lọ́wọ́, tí wọ́n kó èèyàn lọ. Bí mo bá jẹ́ ẹni tó ń polówó ìlú, mi ò ní sọ èyí. Kóòṣì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, kó sọ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá. Kẹ́ ẹ sì ka ohun tí ìjọba ìlú Ọba kọ nípa ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń lọ kẹ́ ẹ tó ra ìnṣọ́ránsì, torí bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má lọ, tẹ́ ẹ sì lọ, ìnṣọ́ránsì lè má san kọ́bọ̀.

Inú ọkọ ò dùn sí mi. Ó sanwó mi ṣá.

Ìyẹn ló mú mi dé orí owó iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Àwa Yorùbá ò fẹ́ràn ká sanwó fún ohun tá ò lè fọwọ́ bà. Ẹnì kan bi mí rí pé, "Àǹtí, ẹ kàn bá mi sọ̀rọ̀ ni o. Ṣé ọ̀rọ̀ náà là ń rà báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun là ń rà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í gùn. Mo fi ń mọ̀ bóyá wọ́n nílò mi ni. Ẹlòmíì, tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó nìkan ló ń wá, màá ní kó lọ bá àwọn tó ń tà á. Ẹni tó bá kù, iye kan ni fún gbogbo iṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dìgbà tó bá padà délé. Mi ò ka wákàtí. Bí èèyàn bá ń sá fún wákàtí, kò ní sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ṣé iṣẹ́ yìí ń bọ́ èèyàn? Kò bọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, mo ṣì ń ṣe é lápá kan. Ṣáájú ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó àti ṣáájú oṣù Kejìlá, fóònù kì í sinmi. Lẹ́yìn ọdún tuntun, kálukú á máa san gbèsè. Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí fídíò ẹnì kan. Ẹ sì ṣọ́ owó-orí: nílùú Ọba, bí owó tó wọlé fún yín nídìí iṣẹ́ ara yín bá ti ju £1,000 lọ lọ́dún owó-orí kan, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí níbẹ̀. Kò sí òfin tó sọ ẹni tó lè pe ara ẹ̀ ní kóòṣì, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pè é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé níbí, tẹ́ ẹ̀ ń bi mí bóyá ẹ lè ṣe é láti Ìlọrin, ẹ lè ṣe é, ó tiẹ̀ lè yá yín lọ́wọ́ jù mí lọ. Ọ̀dọ́ tó ní òun fẹ́ rí ayé, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ́ Kánádà, ẹ bi í bóyá ó ti dé Kútọnu. Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti wà pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ lè wọ ìkejì, kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde ní 2025, ṣùgbọ́n Benin, Togo àti Ghana ṣì wà níbẹ̀. Ìwé ìrìnnà àti káàdì ibà pọ́njú, ó ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ béèyàn ṣe ń bá kọ́sítọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ láìgbọ̀n, tó ṣẹ́ owó láìjẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, kò ní dàrú bẹ́ẹ̀ tó bá dé ibi tó jìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lẹ ní ohun táwa tá a wà lókè òkun ò ní: ẹ mọ bí ọ̀nà Àjàṣẹ́ ṣe rí láàárọ̀ òní, ẹ mọ ilé ìwòsàn tó ní dókítà lálẹ́, ẹ mọ awakọ̀ tí kì í mutí. Mo ti fowó mi ra irú ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ èèyàn n'Ílọrin níbí, mo ṣì ń rà á. Ẹ wá ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí, tí kì í ṣe ẹbí yín, kẹ́ ẹ jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kẹ́ ẹ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, kódà kó kéré. Bó bá ti padà dé ibi tó ti wá, ẹ bi í pé kí ló kù tẹ́ ẹ ò sọ fún òun, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà lẹ́rù ni, mo sì ti rí ẹnì kan tó gbà láti sọ tẹnu ẹ̀. Ó dìgbà o.