Wáyà Ńlá Tó Kọjá Lórí Oko: Kí Ni Ó Ń Ṣe Sí Ara?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Jẹ́bbà wọ Ìlọrin rí mọ àwọn òpó irin tí mò ń sọ. Haitẹ́ńṣọ̀n là ń pè wọ́n. Ìyá kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lábẹ́ wọn, lápá Gánmọ̀, bi mí pé: "Tíṣà, ohun tó ń kùn bí oyin lókè orí wa yìí, ṣé kì í ṣe pé ó ń jẹ wá lára díẹ̀díẹ̀?" Ọmọ rẹ̀ ti kà nípa wáyà DC ti òkè òkun, ẹ̀rù sì ti bà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú yín lónìí.

Iná ti Gánmọ̀, tó tó fólìtì 330,000, alọ-bọ̀ ni: ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti DC dà bí iná bátìrì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀. Ọdún 1954 ni ilẹ̀ Sweden fi irú rẹ̀ gbé iná gba abẹ́ òkun lọ sí erékùṣù Gotland. Ní Áfíríkà, ó ń ti ìdídò Inga ní Kóńgò lọ sí Katanga, ìrìn bíi kìlómítà 1,700. Iná kì í ṣòfò púpọ̀ lójú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ DC.

Ẹ jẹ́ ká wo òòfà tí iná ń dá sílẹ̀ yí wáyà rẹ̀ ká. Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí ní òòfà tirẹ̀, òun ló ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì. Òòfà tó wà lábẹ́ wáyà DC kì í sábà ju ti ilẹ̀ lọ. A sì ti ń gbé inú ti ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni afẹ́fẹ́. Ẹ rántí ìgbà ọyẹ́: tí ẹ bá bọ́ aṣọ ọ̀rá lálẹ́, á máa ta pẹ́pẹ́, irun apá á dìde. Ohun tí wáyà DC ń ṣe sún mọ́ ìyẹn gan-an. Ó ń tú èérún iná tíntìntín sínú afẹ́fẹ́, atẹ́gùn sì lè gbé wọn lọ. Tí agbára iná inú afẹ́fẹ́ abẹ́ wáyà náà bá tó nǹkan bí fólìtì 20,000 ní mítà kan, àwọn èèyàn kan á mọ̀ ọ́n lára, bí ìgbà tí okùn aláǹtakùn bá kan awọ. Ìmọ̀lára ni. A kò tíì rí i pé ó di àìsàn.

Àwọn kan ní eruku tó bá gba èérún iná yìí lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e yẹ̀ wò ní 2004, wọ́n ní bí ewu bá wà níbẹ̀, kékeré ni. Èmi ní tèmi, èéfín tí àwọn ìyá wa ń fà símú nídìí agbada gàrí ló ń dùn mí jù.

Fún ẹ̀yin darandaran: ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, wọ́n da màlúù sábẹ́ wáyà DC fólìtì 500,000 fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n bímọ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Ní 2002, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, ní ẹ̀rí tó wà lórí òòfà tí kì í yí padà, irú ti DC, kò tó láti dá a lẹ́jọ́. Òòfà iná alọ-bọ̀ ni wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe ọmọdé. "Ó ṣeé ṣe" kì í ṣe "ó dájú". Àmọ́ tiwa gan-an ló yẹ ká fiyè sí ju ti Kóńgò lọ.

Ìyá náà tún béèrè bóyá ọmọ òun lè fi páànù kan àtíbàbà sábẹ́ wáyà níbẹ̀, kí wọ́n máa yan gàrí. Mo ní rárá o, Màmá. Páànù tí kò ní wáyà tó wọlẹ̀ á máa gba iná sára, ọwọ́ tó bá kàn án á mọ̀ ọ́n. Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ yín. Ẹ kọ́ àtíbàbà náà sí ẹ̀yìnkùlé.