Kòtò Tí Odò Gbẹ́, Tí Odò Tún Dí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀pá Epo Tó Gba Abẹ́ Odò

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ń dùn mí jù, torí mo mọ̀ pé alága máa nawọ́ sí aago kí n tó dé ìdajì. Tí ẹ bá wọn bí ọ̀pá epo ṣe jìn tó lábẹ́ odò lónìí, ẹ ti mọ bó ṣe rí lónìí nìyẹn. Ẹ kò tíì mọ bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tí odò bá kún, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì ṣeé ṣe kó já.

Ẹ wo bí odò ṣe ń ṣe é. Bí omi bá ti ń pọ̀ sí i, tí eré rẹ̀ ń le, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ á gbéra, wọ́n á bá a lọ. Kòtò á máa jìn. Tí omi bá wá ń fà, iyanrìn mìíràn tó ń ti òkè bọ̀ á balẹ̀ sínú kòtò yẹn, á dí i. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wọn ìsàlẹ̀ omi, ilẹ̀ tó tẹ́jú ló máa bá. Á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò séwu. Odò jalè tán, ó tún gbálẹ̀! (Ẹ̀rín.) Iyanrìn tuntun yẹn kò sì kì bíi ti tẹ́lẹ̀, ìkún omi tó ń bọ̀ á kó o wẹ́rẹ́.

Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ kan tí mo ń pè ní Ìjọ Ẹsẹ̀-Bàtà-Mẹ́rin. Wọ́n mọ ara wọn. Méjì nínú wọn ló jókòó síwájú yìí. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ọ̀pá epo tó bá gba abẹ́ odò tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 100 ní ilẹ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà 4 lórí. Ó dáa. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ ni òfin yẹn ń bá wí. Ọ̀gbàrá ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé tiwa ti lọ sùn láti ọjọ́ tó ti kọ́lé tán.

Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn odò Yellowstone, n kò ní fà á gùn. Kí omi tó kún lọ́dún 2011, ilẹ̀ tó wà lórí ọ̀pá tó kọjá nítòsí Laurel, ní Montana, ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Odò kún, ó tú ọ̀pá síta, pàǹtírí tí omi ń gbé bọ̀ fẹsẹ̀ tì í, ó já lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje. Nǹkan bí àgbá epo 1,500 ló dà sódò. Ní oṣù Kìíní 2015, lórí odò kan náà, nítòsí Glendive, ọ̀pá mìíràn tún já lábẹ́ yìnyín. Epo yẹn wọ omi ẹ̀rọ tí ará ìlú ń mu.

Pàǹtírí nìkan kọ́. Ọ̀pá tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti lọ á so rọ̀ bí afárá. Omi á máa lọ́ lẹ́yìn rẹ̀: lókè, nísàlẹ̀, lókè, nísàlẹ̀. Ẹ mú eré omi, mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 0.2, òǹkà tí a máa ń lò fún ohun róbótó bí ọ̀pá, sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi ìbú ọ̀pá, ìdajì mítà, pín in. Ẹ máa rí 0.8. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni omi ń mi ọ̀pá ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti lé ní 69,000. Bí ibi tó so rọ̀ bá gùn tó láti máa mì ní ìwọ̀n yẹn fúnra rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ló máa kọ́kọ́ là.

Ibí yìí ni arábìnrin kan lẹ́yìn ti gbọ́wọ́ sókè. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìsàlẹ̀ nìkan lẹ ń wò. Tí odò bá wá kó kúrò níbi tó wà ńkọ́?"

Mo ṣì ní ojú ìwé mẹ́fà lọ́wọ́. Mo pa á dé.

Ní oṣù Kẹwàá 1994, odò San Jacinto ní Texas kún, ó sì la ojú ọ̀nà tuntun fún ara rẹ̀. Ọ̀pá 8 ló já, ilẹ̀ abẹ́ 29 mìíràn sì lọ. Iná ràn lórí omi. Àwọn tó fara pa lé ní 500, èéfín ló sì ṣe ọ̀pọ̀ wọn. Bí odò bá bọ́ sí ọ̀nà tuntun, ọ̀pá tó máa bá níbẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ri í fún. Kò sí ẹni tó ń wọn ìjìn odò níbi tí kò sí odò.

Nítorí náà, arábìnrin, ẹ ti bá mi wí, mo sì gbà. Kódà ẹ̀rọ tó ń lu ihò gba ìsàlẹ̀ odò jìnnà, tí mo ti múra láti yìn fún ìdajì wákàtí, ẹ wo ibi tó ti wọlẹ̀ àti ibi tó ti jáde: ṣé odò kò ní dé ibẹ̀? Ẹ to àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú fún ogójì ọdún síra. Níbi tí odò bá ti ṣẹ́rí, ẹ̀gbẹ́ òde ló máa ń jẹ.

Alága ti dìde. Gbólóhùn kan péré: ẹ kọ ìwọ̀n omi tí ẹ máa ti fáàfù tó ń dá epo dúró nínú ọ̀pá pa sí sílẹ̀ nísinsìnyí tí odò ṣì fà. Lóru tó bá ń ru, tí epo ṣì ń mówó wọlé, n kò mọ ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí i.