Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Holloway àti Àwọn Obìnrin Tó Fi Ebi Jà

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oòjíire tí ẹ fi Abuja, Kàdúná àti gbogbo Òkè Ọya ṣe ilé. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Zaria á ti gbọ́ nípa Hajiya Gambo Sawaba, akọni ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n nígbà 16. Ó wà lára àwọn tó jà kí obìnrin ìhín lè dìbò. 1976 ni ẹ̀tọ́ náà tó dé. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti jáde, Holloway ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Wọ́n ṣí ọgbà yẹn ní 1852, ó di ti obìnrin nìkan ní 1903, wọ́n sì tì í pa ní 2016. Ṣáájú ogun 1914, àwọn tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba kà wọ́n sí ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú, ìyẹn ipò kìíní. Ẹlẹ́wọ̀n ipò kìíní ń wọ aṣọ ara rẹ̀, ó ń kàwé, ó ń kọ lẹ́tà. Ní ipò kejì, aṣọ ìjọba tó ní àmì ọfà lára ni. Ìjọba kọ̀ jálẹ̀.

Ní July 1909, ọ̀kan lára wọn, Marion Wallace Dunlop, kọ oúnjẹ fún wákàtí 91, ni wọ́n bá tú u sílẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba ti ń fi tipátipá bọ́ wọn.

Àwọn obìnrin wọ́dà á di apá, ẹsẹ̀ àti orí ẹlẹ́wọ̀n mú. Dókítà á ki rọ́bà bọ ihò imú. Bó bá jẹ́ ẹnu ni, á kọ́kọ́ fi irin la eyín. Á ti àrọ bọ ẹnu rọ́bà, á wá da mílíìkì tí wọ́n po ẹyin mọ́ sínú rẹ̀. Inú ọ̀fun ni ewu wà: ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí fara kan ara wọn. Ẹni tó ń ké, tó ń jà pìtìpìtì, rọ́bà lè ṣìnà lọ sí ọ̀nà èémí rẹ̀, oúnjẹ á sì dà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ṣe Lilian Lenton ní February 1913 nìyẹn. Kíá ni wọ́n dá a sílẹ̀ kó má baà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìtọ́jú.

Ní April ọdún kan náà, òfin tuntun jáde: bí ebi bá ti dá ẹlẹ́wọ̀n wó, kó máa lọ sílé, bó bá ti gbádùn, kó padà wá parí ẹ̀wọ̀n. Òfin ológbò àti eku làwọn èèyàn ń pè é. Ọlọ́pàá ń ṣọ́ ilé tí Lenton wà, àmọ́ ó wọ aṣọ ọmọkùnrin, ó gba iwájú wọn kọjá.

Àwọn obìnrin Ireland náà wọ Holloway ní 1918, láìsí ìgbẹ́jọ́. Constance Markievicz wà níbẹ̀ nígbà tí Dublin dìbò yàn án ní December, obìnrin àkọ́kọ́ tó wọlé ìdìbò sí Ilé Aṣòfin Westminster. Kò lọ jókòó níbẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Sinn Féin, tó ń jà fún òmìnira Ireland, sọ pé Dublin ni ilé aṣòfin tàwọn yóò wà.