Ìṣẹ́jú mẹ́fà fún ta ni? Ọ̀rọ̀ lórí àwọn àgọ́ panápaná tí wọ́n tì pa ní London

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn èèyàn wa ní gúúsù London. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣe é kà.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2014, àgọ́ panápaná mẹ́wàá ni wọ́n tì pa ní London lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ orúkọ wọn, torí àdúgbò tí àwa náà ń gbé wà nínú wọn: Woolwich, Southwark, Downham, Bow, Kingsland, Silvertown, Belsize, Clerkenwell, Knightsbridge àti Westminster. Ti Clerkenwell ti wà níbẹ̀ láti 1872. Ọkọ̀ panápaná 14 bá a lọ, àyè iṣẹ́ 552 náà sì bá a lọ. Boris Johnson ni Méyọ̀ nígbà náà.

Kì í ṣe pé àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀ dákẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ panápaná dìbò pé àwọn ò fọwọ́ sí i. Méyọ̀ lo àṣẹ lé wọn lórí. Káńsù méje, tí Southwark, Greenwich àti Hackney wà nínú wọn, gbé e lọ sílé ẹjọ́ gíga, wọn ò jàre. Nígbà tí Andrew Dismore, tó wà nínú London Assembly, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ Méyọ̀ wò, ko Méyọ̀ lójú lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2013, èsì àfojúdi ni Méyọ̀ fún un ní gbangba.

Àwíjàre wọn ni pé owó tó ń wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ti dín kù, àti pé iná ilé náà ti dín kù gan-an láàárín ọdún mẹ́wàá. Òótọ́ ni méjèèjì, mi ò ní bá wọn jiyàn. Àmọ́ lára ohun tó mú iná dín kù ni àwọn panápaná fúnra wọn, tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń bá arúgbó kan ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá ti rú mọ́ àjà, tí wọ́n ń sọ fún wa pé ká má ki wáyà mẹ́fà bọ ojú iná kan. Iṣẹ́ yẹn ló so èso, èso yẹn ni wọ́n wá fi dín àyè iṣẹ́ wọn kù.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú. Ìlànà London ni pé kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí èkejì dé láàárín mẹ́jọ. Ìpíndọ́gba gbogbo ìlú ni. Bí mo bá jẹ ẹran méjì, tí ẹ̀yin ò fi kan ètè, ìpíndọ́gba á ní kálukú wa jẹ ẹyọ kan. Nínú ìwé ètò tí wọ́n fi ti àwọn àgọ́ náà gan-an, wọ́n tẹ ìṣirò wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹni tó bá ṣí i dé ẹ̀yìn á rí i pé àwọn wọ́ọ̀dù kan máa kọjá mẹ́fà. Ẹni tó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan á sọ pé kò séwu.

Kí ló dé tí ọkọ̀ kejì fi ṣe pàtàkì? Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀kan wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ta omi, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá wọn ń yí ilé ká, ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Méjì gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fa họ́ọ̀sì wọlé, torí ẹnì kan kì í dá wọ inú èéfín. Ó tún yẹ kẹ́nì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pátákó tí wọ́n ń kọ ọ́ sí: ta ló wọlé, ìgbà wo ló wọlé, afẹ́fẹ́ mélòó ló kù fún un. Wọ́n ti tán nìyẹn. Ta ni yóò wá gbé àkàbà sí fèrèsé tí ọmọ ti ń ké? Ta ni yóò wọlé bí àwọn méjì inú ilé bá há? Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì ni. Bẹ́ẹ̀ yàrá tí àga onífóòmù kún inú rẹ̀ lè gbiná pátápátá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún.

Àwọn kan máa ń fi iná tó jó Grenfell, ilé gogoro kan ní ìwọ̀ oòrùn London, kín ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn 72 ló kú nínú iná ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2017, àmọ́ ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé náà níta ló gbé iná kiri, àwọn panápaná sì tètè dé. Ohun kan tó kàn wá níbẹ̀ ni pé Surrey tó bá London pààlà ni wọ́n ti lọ yá àkàbà tó gùn tó mítà 42, torí London ò ní irú ẹ̀ nígbà náà.

Ti ọjọ́ 19 oṣù Keje 2022 ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Ooru kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius, ilé jóná ní Wennington, abúlé kan ní ìlà oòrùn London, àjọ panápaná London sì sọ pé àwọn ò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan rí láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìpíndọ́gba kankan.

Àgọ́ 12 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tì. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà 2013 ni wọ́n ń gba èrò aráàlú. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yọ New Cross àti Clapham kúrò nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ tì. Nítorí náà bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tún jáde, ẹ wá wọ́ọ̀dù yín nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè ìṣẹ́jú ọkọ̀ kejì lóru, kẹ́ ẹ sì dáhùn kí ọjọ́ tó pé. Láti oṣù Kẹrin 2018, ìgbìmọ̀ tó dìbò tako Méyọ̀ yẹn kò sí mọ́. Méyọ̀ gan-an ni àjọ panápaná ń jábọ̀ fún báyìí.

Màmá kan bi mí pé, “Ọmọ mi, àwa tí a ò tíì gba páálí ìlú wọn ńkọ́?” Mo ní, Mà, Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ẹni tó ti pé ọdún 18, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé, lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù rẹ̀, kó sì dìbò yan káńsẹ́lọ̀ àti Méyọ̀ London.