Pe Orúkọ Wọn, Sọ Iṣẹ́ Wọn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Àǹtí àti Bùrọ̀dá Kámpù

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ kú ìjókòó o.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti tọ́jú àwọn ọmọ ní kámpù ìjọ n'Ìbàdàn yìí. Ọjọ́ tí kámpù bá parí, alága á gba maíìkì, á ní, "Ẹ̀yin àǹtí àti bùrọ̀dá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún wọn." Wọ́n á jókòó padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa pe àwọn tó dáwó lọ́kọ̀ọ̀kan, toyè-toyè, pẹ̀lú fọ́tò. Èmi ò rí ọlá kankan nínú ìyẹn fún ẹni tí kò fojú kan oorun.

Ẹ ṣí Róòmù orí 16. Fébè ni Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì sọ ohun tó ṣe: ó ti ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, àti òun Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Pírísíkà àti Ákúílà fi ẹ̀mí wọn wewu nítorí rẹ̀. Màríà ṣe làálàá. Orúkọ kọ́kọ́ jáde, iṣẹ́ tẹ̀ lé e. Àwa tí a ń ki ara wa ní oríkì, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kí ni iṣẹ́ ọ̀hún? Ẹ jẹ́ kí n mú òru nìkan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan máa ń tọ̀ sílé. Ojú ń ti ìyá rẹ̀, kò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Àǹtí á jí i láago méjì òru, á tan tọ́ọ̀ṣì, á sìn ín dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí NEPA ti mú iná lọ. Bó bá ti pẹ́ jù, á pààrọ̀ aṣọ ọmọ náà nínú òkùnkùn, á gbé fóòmù jáde kí agogo ìdájí tó lù. Oòrùn oṣù Kẹjọ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú, fóòmù ò ní tètè gbẹ. Ló bá gbé tirẹ̀ fún ọmọ, òun tẹ́ ẹní. Ilẹ̀ mọ́, kò sọ́mọ kankan tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò kámpù náà ò mọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ò sì lè kéde rẹ̀ ní maíìkì, torí ọmọ yẹn lẹ máa dójú tì. Ìwé ọpẹ́ tí ẹ fi lé àǹtí lọ́wọ́ ló lè gbé irú ìyìn bẹ́ẹ̀.

Àǹtí yìí lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ àgùnbánirọ̀, ó sì lè jẹ́ aránṣọ tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní Mọ́kọ́lá lásìkò tí àwọn òbí ń gbé yunifọ́ọ̀mù wá rán. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sunday School ni William Alexander Smith, tó dá Boys' Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin ìjọ, sílẹ̀ ní Glasgow lọ́dún 1883. Ẹgbẹ́ náà dé Èkó ní 1908. Nílùú wa níbí, David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, dé ní 1853, wọ́n gba àwọn ọmọ sílé ní Kúdẹtì. A mọ orúkọ tiwọn, a mọ Daniel Olúbí tó bá wọn ṣiṣẹ́. Ta ló ń pọnmi wẹ̀ fún àwọn ọmọ yẹn?

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún olórí yàrá kọ̀ọ̀kan. Lálaalẹ́, kó kọ ìlà kan: lágbájá ṣe báyìí. Ibẹ̀ ni ìwé ọpẹ́ ti máa jáde, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè mú wáṣẹ́ lọ́la. Ẹ pín ìṣọ́ òru, kí ẹni tó jí lánàá lè sùn lónìí. Ẹ má sì jẹ́ kí àgbà kan ṣoṣo dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá. Ó dáàbò bo ọmọ, ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Màmá kan bi mí pé bí a bá fún wọn lówó ọkọ̀, ṣé kò ní sọ iṣẹ́ Olúwa di òwò. Rárá, màmá. Àkókò rẹ̀ ló yọ̀ǹda, kò ní kí ẹ jẹ́ kí òun tún fowó àpò òun wọkọ̀ láti Mọ́níyà. Ẹ fi owó yẹn sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì látoṣù Kínní, kí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé tó dé.